Ràhímátù àti Òkú Tí Wọn Ò Fẹ́ Dárúkọ Ìlú Rẹ̀

Inú ń bí mi bí mo ṣe jókòó kọ èyí, n kò sì ní díbọ́n pé kò bí mi. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tútù kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èmi ni Àrìnpé. Ó di ọdún kẹtàlá tí mo ti wà nídìí káńtà Rédíò Etídò ní Ìgbókọ̀dá, nítòsí jẹ́tì tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, tí mo ń gba ìkéde òkú lọ́wọ́ àwọn tí èèyàn wọn kú. Ìtàn Ràhímátù ni mo fẹ́ sọ. Ó kan èmi náà, ibi tó sì ti kàn mí kò dára.

Ràhímátù ló ń ka ìkéde òkú ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Òun náà ló ń tú ìròyìn àgbáyé láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, tó sì ń kà á ní aago méje. Ọmọ Màhíntẹ̀dó ni. Sàláúdéènì bàbá rẹ̀ ta okùn àti àwọ̀n fún àwọn apẹja títí ó fi kú. Mùsùlùmí ni wọ́n láàárín àwa onígbàgbọ́ tí a pọ̀ bí ẹja sàwá, kò sì sí ẹni tó ka ìyẹn sí nǹkan kan títí di ọdún tí mo ń sọ yìí. Obìnrin gíga ni, ara rẹ̀ ò ní ẹran, ṣùgbọ́n tó bá lanu, ìwọ yóò rò pé ọkùnrin méjì ló ń sọ̀rọ̀. Kì í rẹ́rìn-ín nílé iṣẹ́. Tó bá ní ọ̀rọ̀ gidi bá ọ sọ, yóò kọ́kọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Tí o bá ti rí i bẹ́ẹ̀, wá ibi sá sí.

Òun ló gbé òfin káńtà kalẹ̀ fún mi. Ní oṣù kejì tí mo débẹ̀, mo gba ìkéde kan pé Ìyá Jọọlá ti di olóògbé, mo sì gbàgbé láti kọ ìlú rẹ̀. Ó kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹbí Ìyá Jọọlá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn kan fi igbe ta dé ilé, wọ́n bá Ìyá Jọọlá tiwọn níbi tó ti ń yan ẹja. Igi iná ló fi lé wọn. Ṣùgbọ́n Ìyá Jọọlá tó kú gan-an, kò sẹ́ni tó ti ìta dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ló sin ín, ìyá tó bí ọmọ mẹ́sàn-án.

Ràhímátù bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Àrìnpé, lórí omi tiwa yìí, orúkọ ìlú ni ọkọ̀ ń tẹ̀ lé. Òkú tí o kò bá sọ ìlú rẹ̀, ìwọ lo sọ ọ́ nù."

Láti ọjọ́ náà ni fọ́ọ̀mù wa ti ní ìlà márùn-ún: orúkọ òkú, ọmọ ta ni, ọjọ́ orí, ìlú, àti ilé tí a ó ti máa kí ẹbí. Tí ọ̀kan bá ṣófo, n kò ní gbà á, ì báà jẹ́ pé ẹni tó mú un wá ń sunkún lójú mi. Nǹkan mìíràn tún wà tí àlejò kì í mọ̀ nípa wa. Tí rédíò bá ti sọ ilé tí a ó ti máa kí ẹbí, tí ọkọ̀ rẹ bá ń gba ibẹ̀ kọjá, o gbọ́dọ̀ yà. Bí o kò tilẹ̀ mọ̀ wọ́n. Omi ló ń pa wá, omi ló ń bọ́ wa, ẹni tó bá ní òun ò ní yà, ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀.

Nígbà tí ogun Gásà bẹ̀rẹ̀, ìròyìn rẹ̀ ń wá sọ́dọ̀ wa láti ilé iṣẹ́ ńlá kan nílùú ńlá, tí àwa kéékèèké ń rà á lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan Ràhímátù mú ìwé méjì wá bá mi lórí káńtà.

Ó ní, "Ka èyí."

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ará Ísírẹ́lì kan ni. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ìlú rẹ̀, orúkọ ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní ó fẹ́ràn láti máa gbin òdòdó. Wọ́n kọ ẹni tó pa á. Mo kà á tán, mo ní àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Ó yẹ kó ṣe ọ́. Bí wọ́n ṣe ń kéde òkú nìyẹn, wọn ò gbọ́dọ̀ yọ ìlà kan kúrò níbẹ̀. Ó yá, ka ìkejì."

Ìkejì kò gùn. Ó ní olùgbé agbègbè náà mọ́kànlélọ́gbọ̀n kú lẹ́yìn ìbúgbàmù kan tó wáyé níbẹ̀. Ó parí síbẹ̀.

Ràhímátù ti bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ló kú? Ọmọ ta ni? Ìlú wo? Ìbúgbàmù wáyé! Ṣé ìbúgbàmù náà ló dá jí nílé ara rẹ̀, ló wẹ̀, ló jẹun, ló wá gbéra? Wò ó, tí ẹnìkan bá kó irú fọ́ọ̀mù báyìí wá bá ọ, ṣé wàá gbà á?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní n kò ní gbà á. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Kò kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó wádìí lọ́dọ̀ àwọn oníròyìn mìíràn, ó sì jókòó sídìí maikiroofóònù, ó ní àwọn ará Palẹsítínì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bọ́ǹbù àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì pa nílùú Kán Yúnísì ní Gásà. Ó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ṣe máa ń ka òkú tiwa. Kó tó jáde nínú yàrá ìkàròyìn ni ọ̀gá wa, Godspower, ti ń pè é.

Ilẹ̀kùn ọ̀gá kì í pa dé dáadáa, gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Ọ̀gá ní "olùgbé agbègbè náà" ni àwọn ará òkè tó ń ta ìròyìn fún wa kọ, kó kà á bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ìjọ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ ètò ọjọ́ Àìkú wa ti fóònù, inú wọn ò dùn. Ó ní Palẹsítínì yẹn, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni.

"Ọ̀gá, tí mo bá ní ará Ìlàjẹ, ṣé òṣèlú ni?"

"Àlájà, a kì í ṣe mọ́sáláṣí níbí o."

Ràhímátù ò tíì lọ sí Mẹ́kà rí. Ọ̀gá mọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ka òkú onígbàgbọ́ fún wọn, òkú wòlíì, òkú ajíhìnrere, òkú ìyá ìjọ, tó ń pe orúkọ ìjọ kọ̀ọ̀kan láìṣì í pè. Kò sẹ́ni tó pè é ní Àlájà rí. Ọjọ́ tó dárúkọ òkú tí wọn kò fẹ́ ni wọ́n rántí pé mùsùlùmí ni.

Ó dá a lóhùn pé, "Ìlú ìyá mi ni Ìdí-Àgbọn. Nígbà tí òkun gbé e lọ, ìwé ìròyìn kan ní 'àwọn kan tó ń gbé etí omi' ni nǹkan ṣe. Ìlú tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá ẹni tó kọ ọ́! Ìyá mi ní kí n ka ìwé náà fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n fi ibi tí wọ́n ti pe ìlú wa han òun. N kò rí ibi tí mo máa nawọ́ sí. Ẹ má ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá ẹlòmíràn."

Ọ̀gá fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì: kó ka ìròyìn bí wọ́n ṣe kọ ọ́, tàbí kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi ńkọ́? Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì dákẹ́. Kí n sọ òótọ́, mo rò nínú mi pé Àǹtí Ràhímátù ń ṣe àṣejù. Ìjọ aláṣọ funfun ni mo ń lọ, gbogbo ọjọ́ Àìkú là ń gbàdúrà fún ilẹ̀ mímọ́, n kò sì gbọ́ lẹ́ẹ̀kan rí pé àwọn kan ń jẹ́ ará Palẹsítínì níbẹ̀. À ń fi àdúrà fo orí wọn kọjá.

Ràhímátù gbà, torí ilé ń jẹun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ka "olùgbé agbègbè náà." Gbogbo ìgbà tó bá kà á, ojú rẹ̀ á rí bí ojú ẹni tó jẹ ẹja tó ti bàjẹ́, tí kò sì lè tu ú.

Ìgbà náà ni Mùíz fóònù. Àbúrò Ràhímátù ni Mùíz, ó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Saudí. Òun àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Hanán ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ará Palẹsítínì ni Hanán. Bọ́ǹbù pa ọmọ ẹ̀gbọ́n Hanán nínú ilé wọn. Ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ ni. Wọ́n ti sin ín kí Hanán tó gbọ́. Kò lè lọ, kò sí ọ̀nà. Kò rí ibi jókòó gba ìkíni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù ni wọ́n ti ń kí i pé pẹ̀lẹ́, tí wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Mùíz ti sọ iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n òun ń ṣe fún un. Hanán wá bi í pé, "Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ lè pe orúkọ ọmọ mi?"

Lọ́jọ́ náà gan-an, ìwé tó wá láti òkè ní olùgbé agbègbè náà mẹ́tàdínlógún kú.

Ràhímátù wá síwájú káńtà lọ́sàn-án, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn oníbàárà ń dúró sí. Mo ní, "Àǹtí, ẹ ṣìnà ni? Ẹ bọ́ sẹ́yìn."

Ó ní, "Fún mi ní fọ́ọ̀mù."

Ó dúró kọ ọ́. Orúkọ òkú: Láyàn. Ọmọ ta ni: Màhmúùd. Ọjọ́ orí: ọdún mẹ́jọ. Ìlú: Kán Yúnísì, ilẹ̀ Palẹsítínì. Ilé tí a ó ti máa kí ẹbí: ilé Ràhímátù Sàláúdéènì, ẹ̀yìn ọjà, Ìgbókọ̀dá. Ó ti í sí mi. Mo wò ó lókè, mo wò ó nísàlẹ̀, mò ń wá ìlà tó ṣófo kí n lè rí nǹkan wí. Kò sí. Lẹ́tà ọ̀gá sì dá lórí ìròyìn, kò sọ nǹkan kan nípa ìkéde òkú. Mo lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ọjọ́ kejì, ó kà á. Òun ló ṣe ìkẹta, lẹ́yìn bàbá apẹja kan àti ìyá kan. "Ẹ̀yin ará wa lórí omi àti lórí ilẹ̀, ikú ti mú ọmọ wa Láyàn lọ, ọmọ Màhmúùd, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọ ìlú Kán Yúnísì ní ilẹ̀ Palẹsítínì. Bọ́ǹbù ogun ló pa á nínú ilé bàbá rẹ̀." Ó sọ ilé tí wọ́n ti máa kí ẹbí. Ohùn rẹ̀ kò yẹ̀.

Fóònù mi ò sinmi mọ́. Àwọn èèyàn fẹ́ mọ apá ibi tí Kán Yúnísì wà, ṣé ọ̀nà Oríòkè-Ìwàmímọ́ ni àbí ọ̀nà Màhíntẹ̀dó. Mo sọ fún bàbá kan pé òkèèrè ni, ọkọ̀ wa ò lè débẹ̀.

Ó ní, "Ilé tí wọ́n ti ń kí wọn ńkọ́? Ṣebí Ìgbókọ̀dá ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lo wá ń ro ẹjọ́ fún mi sí? À ń bọ̀."

Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo mọ̀ dájú pé wọ́n gbéra. Kò sí èyí tó béèrè ìsìn ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kú, wọ́n sọ ìlú rẹ̀, wọ́n sọ ilé, ó tán.

Ṣùgbọ́n àwọn kan tí kì í wọ ọkọ̀ ojú omi ti fóònù ọ̀gá. Ó dé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí kò tíì de bọ́tìnnì rẹ̀ tán. Ó ní kí Ràhímátù kó ẹrù rẹ̀, kó máa lọ sílé, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ràhímátù mú báàgì rẹ̀. Kò bẹ̀, kò jà. Ó kàn ní, "Mo ní àlejò nílé lónìí tẹ́lẹ̀," ó sì jáde.

Ọ̀gá wá kọ nǹkan sórí bébà, ó na án sí mi pé kí n lọ kà á. Ohun tó kọ nìyí: "Ìkéde òkú ọmọdébìnrin kan tí ẹ gbọ́ láàárọ̀ yìí, àṣìṣe ni. Kò sí irú òkú bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ara rẹ̀ láàmú láti wá."

Mo ní, "Ọ̀gá, òkú náà wà. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ pé."

Ó wò mí. "Àrìnpé, àwọn ọmọ rẹ méjì tó wà nílé ìwé, kíláàsì kelòó ni wọ́n wà báyìí?"

Ẹ gbọ́ o. Kò lù mí. Kò bú mi. Kíláàsì àwọn ọmọ mi ló béèrè. Mo dìde, mo wọ yàrá ìkàròyìn, mo jókòó sórí àga Ràhímátù, ó ṣì gbóná. Mo ka bébà náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń ka àtúnṣe. Mo sọ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti sin kò sí. Ohùn mi dún dáadáa, ọ̀gá tilẹ̀ na àtàǹpàkò sókè sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì pé mo ṣe é. Títí di òní, tí mo bá rántí ìka yẹn, ó ń ṣe mí bíi kí n gé e jẹ.

Kò pẹ́ tí bàbá tó ní "à ń bọ̀" tún fóònù. Ó ní àwọn ti gbọ́, àwọn ti yí ọkọ̀ padà. Ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ọmọ náà ò kú. Inú rẹ̀ dùn! Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo gbé orí lé káńtà.

Nígbà tí mo gbé orí sókè, ìyá arúgbó kan ló dúró níwájú mi, ìró rẹ̀ tutù dé orúnkún, abọ́ ẹja gbígbẹ wà lórí rẹ̀. Ìyá Beauty ni, láti Oríòkè-Ìwàmímọ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, torí pé òkú kan kì í kọjá lórí rédíò kí ó má dé ibẹ̀.

"Ulé tí wọ́n ti ń kí wọn dà?"

Mo ní, "Màmá, ẹ ò gbọ́ rédíò? A ní àṣìṣe ni."

"Mo gbọ́. Ìwọ lo kà á, mo mọ ohùn rẹ. Ọma náà ní orúkọ, ó ní bàbá, ó ní ìlú. Àṣìṣe kì í ní bàbá." Ó sọ abọ́ ẹja kalẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù mi. "Mo ti bí ọma méje, mo ti sin mẹ́ta. N kò tíì gbọ́ rí pé ẹnìkan fi ẹnu lásán pe ọma ní òkú, kó tún sọ ulé tí wọ́n ti ń kí i. Ta ló ní kí o sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa fọ́ọ̀mù mi jáde lábẹ́ abọ́ náà.

"Ó dáa. Dìde. Mú mi lọ síbẹ̀."

Mo ní mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní òun rí i. Kò kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé abọ́ rẹ̀. Ìgbà tó yá, mo ti káńtà pa.

Àga ike ló kún iwájú ilé Ràhímátù, wọ́n tò ó ní ìlà mẹ́rin lábẹ́ tapólì. Ìkòkò omi wà níbẹ̀, ife wà lórí rẹ̀. Ó ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga kankan. Òun nìkan ló jókòó sórí ẹní náà, ó wé ìborí dúdú, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn obìnrin kan sì ń jáde níbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Hanán ni. Mùíz ti fi ohùn ìkéde àárọ̀ ránṣẹ́ sí i, ó ti gbọ́ orúkọ ọmọ náà àti ti ìlú wọn lẹ́nu àjèjì, ó sì ń dúpẹ́, ó ń sunkún. Àtúnṣe tèmi ni kò tíì gbọ́.

Ìyá Beauty wólẹ̀ lórí ẹní, ó di ọwọ́ Ràhímátù mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí i bí a ṣe ń kí ẹni tí ọmọ kú fún. Èmi dúró sí ẹ̀yìn àga.

Hanán ń béèrè pé, "Ṣé àwọn èèyàn wá? Mùíz ní tí wọ́n bá ti gbọ́, wọ́n máa wá. Ṣé wọ́n wá?"

Ràhímátù wo àwọn àga náà. Ó wò mí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, kò sì sọ gbogbo ohun tí mo ti ń retí láti ọ̀nà. Ó na fóònù náà sí mi. Ó ní, "Ìwọ sọ fún un."

Mo gbà á. Mo ní Àrìnpé ni mò ń jẹ́, mo ní ilé iṣẹ́ rédíò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní ọkọ̀ mẹ́ta ló ń bọ̀, mo ní èmi ni mo dá wọn padà. Mo ní mo sọ lórí afẹ́fẹ́ pé kò sí ọmọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Hanán béèrè, kò pariwo rárá, pé kí ló dé tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ ọ̀gá lẹ́nu mi, mo wá ìlànà, mo wá òṣèlú, mo wá àwọn ará òkè. Kò sí èyí tó ṣeé sọ sétí ẹni tí ọmọ kú fún.

Mo ní, "Nítorí iṣẹ́ mi ni, mà."